Ọmọ Aláṣọ Dúdú Inú Ọkọ̀ Abereke

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi mọ orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní gọ́tíìkì. Ó wálé fún ìsinmi láti iléèwé gíga, mo ń yan ẹja lọ́wọ́, ó ń gbé orin inú fóònù rẹ̀ sí mi létí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ nígbà tí èmi gan-an ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ní àwọn ìlú olótùútù tí iṣẹ́ ti wọ́n. Wọ́n fi gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ṣíwájú, wọ́n fi ìbànújẹ́ kọrin. Ọkùnrin wọn ń lé tìróò, obìnrin wọn ń wọ àrán àti léèsì dúdú. Aṣọ tí àwa fi ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tìróò ìyá ìyá mi ni òyìnbó wá sọ di tiwọn. Ṣùgbọ́n orin náà wọ̀ mí lára, gìtá yẹn ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo jẹ́ kó lé tìróò fún mi, mo wo dígí, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì tí à ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Abereke, mo ti fọ tìróò tèmi kúrò lójú. Ọmọ mi wọ aṣọ tirẹ̀ jáde tán pátá: àrán dúdú, ètè dúdú, bàtà tó ń ró kókó lórí afárá pákó. Iwájú ọkọ̀ ojú omi ló jókòó sí. Èmi bá àwọn oníbàárà mi láti Mahintedo, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi, jókòó lẹ́yìn. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní bóyá ọkọ rẹ̀ ló kú, èkejì ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá bi mí bóyá mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

“N kò mọ̀ ọ́n rí,” ni mo wí.

Wọn kò tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ọmọ mi gbọ́, kò sì wẹ̀yìn. Ìtìjú bò mí, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Kí n kàn pè é lórúkọ, n kò lè ṣe é títí a fi gúnlẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó yípadà, ó na ọwọ́ sí mi.

“Ẹ rọra, màmá.”

Bí a ṣe ń wí fún àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí ló ṣe wí i. Mọ́mì ló ń pè mí láti kékeré. Àwọn oníbàárà mi ní ẹni tó bí ọmọ yìí mà kọ́ ọ o, kí Ọlọ́run bùkún ìyá rẹ̀.

Mo bá wọn ṣe àmín.