Òwú Lọ́wọ́ Mi Méjèèjì

Lánàá, obìnrin kan tí òjò pa jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Òórùn súẹ́tà wúùlù rẹ̀ tó tutù gbé mi padà sí yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti màmá mi ń gbé ní Dagenham, nílùú òyìnbó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi se èèpo àlùbọ́sà, ó ri òwú wúùlù bọ inú omi rẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ọsàn. Òwú náà kò tíì gbẹ tán tí ó fi ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ó fi òwú kọ́ mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a di bọ́ọ̀lù. Ìbọ̀wọ́ tí n ó máa wọ̀ lọ sílé ìwé ló fẹ́ fi hun.

Ni wọ́n bá kanlẹ̀kùn.

"Má mira," màmá mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òwú á ta kókó."

"Mọ́mì, mo fẹ́ tọ̀."

"Pa á mọ́ra, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Wọ́n tún kàn án. Apá ń ro mí, òwú tútù náà sì fún mi lọ́rùn ọwọ́. Mo sé èémí, mo rò pé nítorí òwú ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ ìwé ìgbélùú wa ti tán nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba màmá mi pé àwọn tó máa lé wa kúrò nílùú ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ìró ẹsẹ̀ wọn tó lọ jìnnà, mo ti tọ̀ sára. Màmá mi kò bá mi wí. Ó ń ká òwú lọ.

Ọjọ́ méjì ló fi hun ìbọ̀wọ́ náà. Inú yàrá ni mo ti wọ̀ ọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí a kò jáde.