Ẹja Tí Wọ́n Gbé Lọ

Ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lórí. Ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ kíyè sí nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé e síwájú wa nílé oúnjẹ àwọn ará Faransé kan ní Áílàǹdì, nílùú Èkó. Ó fi fọ́ọ̀kì gbé ewé kékeré tó wà lórí rẹ̀ sókè, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó tún wo ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó mi, orí rẹ̀ dà?"

Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn wà. Ó ní ìtìjú wo ló kan òun níbẹ̀, ẹni tó gé orí ẹja tí kò sọ ibi tó gbé e sí ni kí ojú tì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ìdí ẹja ló sì ti gbọ́n. Èmi, ọmọ Ìkirè ni mí. Ẹja yíyan àti ẹja inú yìnyín ti tó wa lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí a kọ́kọ́ gba ilé sí Ìkòròdú, lẹ́yìn Ìtamàga, tó bá ní kí n ra òbòkún bọ̀, epìyà ni màá gbé délé tayọ̀tayọ̀. Á wò ó, á wò mí, á ní ẹ̀bi òun ni, òun ni òun lọ fẹ́ ará òkè. Màá ní kó lọ fẹ́ ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ orí ẹja yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi lọ rí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìyá se òbòkún, wọ́n bu tirẹ̀ fún un, wọ́n bu tèmi fún mi. Ó jẹun, ó jẹun, ó wá ti orí ẹja àti ibi ikùn rẹ̀ tó lọ́ràá sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó gbé àwo náà, ó gbé e ka iwájú mi. Inú bí mi. Nílé bàbá mi, ajẹkù àgbà, ọmọdé ló ni ín. Èmi tí mo wọ aṣọ tuntun, tí mo kun àtíkè, ajẹkù ló wá kàn mí níṣojú ìyá ọkọ! Mo ní ẹ ṣeun, mo ti yó. Ìyá rẹ̀ wò mí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, jẹ ẹ́. Nílé tiwa, apẹja kì í jẹ ibi tó dùn jù nínú ẹja. Ẹni tó bá ń rò nígbà tó wà lórí omi ló ń ṣẹ́ ẹ kù fún. Bàbá wọn ò fẹnu sọ fún mi rí pé àwọn fẹ́ràn mi. Orí ẹja ni wọ́n fi ń sọ ọ́ títí wọ́n fi kú."

Mo jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ fa egungun rẹ̀ mu.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹja tó wọ ilé wa tí n kò gba tèmi níbẹ̀. Ìbáà ṣe òbòkún tútù, ìbáà ṣe ẹja inú agolo tí kò ní orí tí kò ní ìrù, tó bá jẹun tán, nǹkan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bí a bá jà, tí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀, á gbé àwo síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Màá fi ìbínú jẹ ẹ́. Èèyàn ò lè fi ìbínú jẹ orí ẹja pẹ́ títí. Kí n tó dé ibi ojú rẹ̀, ìbínú á ti tán.

Báwo la ṣe wá dé ilé oúnjẹ àwọn Faransé? Ọkọ mi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Áílàǹdì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àárọ̀ kùtùkùtù ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, tó bá sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ yẹn ni yóò gbà kọjá. Ó ní òórùn bọ́tà ibẹ̀ máa ń tẹ̀ lé òun dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun ò ní kúrò ní Èkó láìmú mi débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo kà á sí, àfìgbà tí ìwé rẹ̀ dé pé kó wá máa ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú òyìnbó. Òun ni yóò kọ́kọ́ lọ, èmi yóò tẹ̀ lé e tó bá ti rẹsẹ̀ walẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ku díẹ̀ kó lọ, ó ní kí n lọ ṣe irun.

Mo ṣe irun náà ní Ìtamàga, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì tú u kí a tó dé èbúté. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n fi àyè wa hàn wá, ó fa àga fún mi kí n jókòó, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Dádì, ṣé kò sí o?" Ó ní kí n jókòó jàre, àwọn èèyàn ń wò wá.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé, a jẹ ẹ́ tán. A kò mọ̀ pé oúnjẹ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ohun kan tó tó èékánná àtàǹpàkò wá, lórí àwo tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kan náà la gbé e mì. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, wàràkàṣì bò ó lórí, kò sí ata níbẹ̀ rárá. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó bi mí bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn nínú wa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹnu mú. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ń gbé oúnjẹ náà fún wa, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Gbogbo ìgbà tí mo bá máa gbójú sókè, yóò ti kó àwo kan lọ, yóò ti gbé òmíràn dé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìdágbére la wá ṣe.

Ẹja tí kò lórí yìí ló wá dé. Ó funfun, ó rọ̀, wọ́n fi bọ́tà àti òroǹbó wẹ́wẹ́ sè é, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó ń dún lẹ́nu. Lẹ́yìn tí ọkọ mi ti wá orí rẹ̀ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe sí ẹja tí kò ní ibi tí a ń ṣẹ́ kù. Ó wò ó yíká bí ẹni tó ń ra ilẹ̀. Ó wá gé àárín rẹ̀, níbi tí awọ ti nípọn jù, ó fi ọ̀bẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó da omi bọ́tà lé e lórí. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Ó jẹ ìyókù tán. Ó to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú ìnujú, ó ń nu ẹnu, kó tó gbé àwo náà fún mi. Ọwọ́ oníbọ̀wọ́ funfun kan nà wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, àwo ti lọ, ẹja mi ti bá a lọ.

Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, tí èèyàn bá ti to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, ó ti jẹun tán nìyẹn. Ta ló sọ fún wa? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹun tán á fọwọ́, gbogbo ilé á sì rí i.

Ọkọ mi dìde. Mo di apá kóòtù rẹ̀ mú.

"Dádì, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ìdáná. Wọ́n gbé ẹja rẹ lọ."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ti dà á nù. Ẹja lásán ni."

"Kì í ṣe ẹja lásán." Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹja lásán."

Mo mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọkùnrin yìí ń lọ lóòótọ́. Omi dé ojú mi, mo dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni pé òórùn àlùbọ́sà ni.

Pẹ́pẹ́yẹ ló tẹ̀ lé ẹja. Ọkọ mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún wá yan òun jẹ. Kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ó gé ibi tó dára jù, ó nawọ́ kọjá àbẹ́là, ó gbé e sínú àwo mi níṣojú gbogbo èèyàn. Mo jẹ ẹ́, mo ní ó dùn. Ó dùn, àmọ́ kò dùn tó ẹja tí n kò tọ́ wò. Wọ́n gbé wàràkàṣì wá, wọ́n gbé ohun dídùn wá, ọkọ mi ò gba ọ̀kan wò nínú wọn. Nígbà tí a ń jáde, ó ní, "Ẹja yẹn ń bẹ lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ tí o bá dé bá mi lọ́hùn-ún, òun la máa kọ́kọ́ jẹ."

Ó lọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni òfin wọn yí padà: irú òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ kò lè mú ìyàwó wá mọ́. Wọ́n ní ká ní sùúrù. Sùúrù náà la ń ní láti ìgbà yẹn.

Àwọn ọmọ wa wà níléèwé gíga, èmi nìkan ló kù nílé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, n kò ní fi bò. Mo lè ra òbòkún wàyí láìṣìnà. Mo ń sè é, mo ń jẹ ẹ́ láti orí dé ìrù, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ kù fún mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣọ́ra, pé àwọn obìnrin ìlú òyìnbó kò dára. Mo ní kí wọ́n gbé ẹnu wọn sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù obìnrin kọ́ ló ń bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó bá ń dá jẹun fún ìgbà pípẹ́, ó lè kọ́ bí a ṣe ń jẹ gbogbo inú àwo tán láìṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni.

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ bà á. Mo lọ kí wọn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, a jọ jẹun. Wọ́n ti darúgbó. Wọ́n ti orí ẹja wọn sí mi, wọ́n ní àwọn á máa bá ọmọ àwọn ṣe é títí yóò fi dé. Wọ́n wá bi mí pé:

"Ìyàwó, ṣé ó ṣì ń ṣẹ́ ẹja kù níbi tó wà yẹn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà." Gbogbo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú ni mo fi ń ro ìbéèrè náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi pè mí lórí fídíò, oúnjẹ sì wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù ti ìgò omi, kó máa jẹun lọ, kí n máa wo àwo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ebi ń pa mí ni. Ẹja pupa kan ni. Ó ní lọ́hùn-ún náà, wọn kì í tà á mọ́rí. Ó ń sọ̀rọ̀ òtútù, ó ń sọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú tó máa ń pè é ní dókítà. Mo ń dáhùn hẹn, hẹn. Ẹja inú àwo ń dín kù, mo sì ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọmọ ibẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó ti parí. Ó gbé àwo sókè kó lọ fọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Dádì, ẹ dúró. Kí nìyẹn?"

Ó wo àwo náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ẹja ni."

"Ta lẹ ṣẹ́ ẹ kù fún?"

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. "Ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mi ò kì í mọ̀ títí màá fi jẹun tán."

"Kí lẹ wá máa ń ṣe sí i?"

"Màá gbé e sínú fíríjì. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá dà á nù."

"Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ báyìí kí n rí yín."

Ó mi orí. Ó ní, "Tìẹ ni."

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni mo mọ̀ yẹn, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ nígbà tó dìde tó gbé àwo náà lọ síbi fíríjì, mo rí bí ó ṣe gbẹ tó, egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ súẹ́tà. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mò ń gbàdúrà pé kó má gbàgbé mi, mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kó gbàgbé díẹ̀, kó lè máa jẹ ẹja rẹ̀ tán.