Ọba Tí Mo Fọwọ́ Kàn

“Màmá Aránṣọ, ṣé ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án?”

Adájọ́ ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ló bi mí bẹ́ẹ̀. Òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ tún ọmọ ayò tó wọ́ tò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kó tó nawọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ kàn ló máa sún. Àmọ́ ogójì ọdún ni mo ti fi ń na etí aṣọ kó lè gún. Ọwọ́ mi kì í dúró gbàṣẹ mọ́. Ọba mi dúró wọ́, mo sì tọ́ ọ.

“Mi ò sọ̀rọ̀,” ni mo wí.

Bàbá Aláago ni mo ń bá ta àṣekágbá, ẹni tó ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Òun ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ó máa ń sọ pé, “Àbúrò, bí ìbẹ̀rẹ̀ bá wọ́, ìparí ò lè gún. Tètè gbé ọba pa mọ́.” Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń lé ife ìdíje yẹn, ipò kejì ló máa ń bá a délé. Dókítà sì ti sọ fún un pé kí ọdún tó yí po, ojú rẹ̀ ò ní ríran mọ́. Àṣekẹ́yìn rẹ̀ nìyí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ni. Mo gbé ọba bọ́ síta gbangba.

“Ọba ti jáde láìwọ bàtà!” ni òǹwòran kan wí.

Bàbá Aláago wò mí. Ó na ìka, ó rọra kan ọba tirẹ̀ lórí.

“Ọwọ́ tèmi náà ti kàn án.” Ó gbé òun náà síta.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yẹn fún?”

“Dákẹ́, kó o ta ayò. Mi ò fẹ́ ife tí abẹ́rẹ́ bá mi gbà.”

Wákàtí mẹ́ta la fi tà á. Ọmọ ogun kan ṣoṣo ni mo fi borí. Mo gbé ife náà lọ fún un, ó kọ̀ ọ́: “Gbé e padà, kó o máa fi kó bọ́tìnnì sí.”

Ojú náà ti lọ báyìí. Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń gbé pátákó lọ bá a. Ìka ló fi ń ríran: á wá ọba mi kàn, á fọwọ́ pa ẹṣin lórí, á ka àwọn ọmọ ogun lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó sún ẹyọ kan. Òfin yẹn ò sí láàárín wa mọ́.

“Àbúrò, mo ti fọwọ́ kan nǹkan púpọ̀ o.”

“Ẹ máa fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbójú fò ó. Ìfọwọ́kàn ẹyọ kan péré lòun bá mi rù lọ́jọ́ ìdíje náà, àmọ́ mi ò tíì san án tán.