Orin Inú Fóònù

Orin England kan tí a kọ́ nílé ìwé dún lórí rédíò mọ́tò mi lójú ọ̀nà Beltline, mo sì rántí ìgbà èwe mi.

Nígbà yẹn, tísà orin wa ní ẹni tó ṣe orin náà máa ń gba orin lẹ́nu àwọn arúgbó abúlé, á wá fi ewì sí i. Ó ní káwa náà gba orin àwọn àgbà tiwa sílẹ̀ nílé.

Nínú basement wa, nísàlẹ̀ ilé, mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ìyá Dádì tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Grandma, sing something old."

Wọ́n kọrin, ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

Dádì já wọlé, snow lẹ́sẹ̀ wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn!"

Dádì gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pa orin náà rẹ́. Mo rò pé mo ti dẹ́ṣẹ̀.

Grandma wá sọ fún mi pé orin tí àwọn fi ń rẹ àbúrò Dádì lẹ́kún, èyí tó kú lọ́mọ ọwọ́, ni.

Bí Dádì ṣe ń gòkè lọ, mo gbọ́ tí àwọn fúnra wọn ń kun orin náà lábẹ́nu dópin.