Fìlà Tó Wà Lórí Ìṣó

Orí mi kò tíì tó fìlà àgbàlagbà kankan nígbà tí mo mọ bàbá kan ní àdúgbò wa ní Èjìgbò tó ń fọ fìlà fún àwọn ènìyàn. Kì í rán an. Fífọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò ó pé iṣẹ́ wo ló wà nínú fífọ fìlà. Nígbà náà, fìlà etù tàbí ti sányán kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rì sínú abọ́ pẹ̀lú aṣọ ilé. Ọṣẹ dúdú ni bàbá náà ń lò, àti omi tútù, àti ọwọ́ tí kò kánjú. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, yóò fi ẹ̀kọ tó ṣàn ra á lára kó lè dúró dáadáa, yóò wá dé e borí igbá kan, yóò sì gbé e sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Igbá yẹn ló máa ń pa ìwọ̀n fìlà mọ́. Oríṣiríṣi igbá ló ní. Bó bá ti wo orí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ igbá tó máa lò fún un.

Bàbá Onífìlà ni gbogbo wa ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ògiri rẹ̀ ni.

Nínú yàrá rẹ̀, ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kún fún ìṣó, fìlà sì wà lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, mo rò pé àwọn ènìyàn ló tò síbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, n kò fẹ́ jáde.

Fìlà àwọn tó lọ sí Àbíjàn ni. Ẹ mọ̀ pé ní Èjìgbò, agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn kò wọ́pọ̀. Nígbà náà, bí ọkùnrin bá fẹ́ lọ, yóò gbé fìlà rẹ̀ tó dára jù lọ fún Bàbá Onífìlà, nítorí kò ní rí ibi dé e nínú oko kòkó ẹlòmíràn. Bó bá padà dé, kò ní kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Yóò yà gba fìlà ná, nítorí wọ́n gbà pé ọkùnrin tó ti ìrìn-àjò dé kì í wọlé tọ aya rẹ̀ lórí òfìfo. Àwọn kan padà láàárín ọdún méjì. Àwọn kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn fi gbàgbé ojú wọn.

Bàbá náà ní òfin kan. Fìlà ẹni tó bá ṣì wà láyé kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìṣó. Bí ẹni náà bá kú, fìlà rẹ̀ yóò kúrò lára ògiri, yóò wọ inú àpótí igi kan tó wà lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹnu kan kò tó láti ká fìlà sọ̀kalẹ̀. Ó di ìgbà tí ènìyàn méjì tí wọ́n fi ojú ara wọn rí sàréè bá wá sọ ọ́ fún un.

Bí ẹ bá bi í léèrè nípa fìlà kan, kò ní dá yín lóhùn lórí ìdúró. Yóò jókòó, yóò gbé fìlà náà lé orúnkún rẹ̀. Ó máa ń sọ pé fìlà kì í sọ̀rọ̀ lórí ìṣó. Akẹtẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó le bí agbè. Àgbẹ̀ kan láti Ìsundúnrìn ló ni ín. Ìyàwó ọkùnrin yìí ń rọbí, ó ní oyin ló wu òun. Ọkùnrin náà wọ inú igbó, ó fa afárá oyin yọ, kò sì rí nǹkan gbé e sí àfi akẹtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ìda oyin náà ló gbẹ mọ́ ọn lára. Gbogbo bí bàbá ṣe ń fọ̀ ọ́ tó, omi kò wọ inú rẹ̀ láéláé. Fìlà funfun méjì tún wà tí wọ́n jọra. Ìbejì kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n ni wọ́n. Òwú pupa wà nínú ọ̀kan, òwú dúdú wà nínú èkejì, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n gbé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, olówùú dúdú nìkan ló kù lórí ìṣó.

Ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ti bàbá mi.

Mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí bàbá mi lọ. Kò sí fọ́tò rẹ̀ nílé wa. Fìlà etù yẹn ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Òógùn ti ṣe àpá sí i ní apá òsì ju apá ọ̀tún lọ. Bàbá Onífìlà ní bàbá mi kì í dé fìlà kó dúró ṣánṣán, ìka kan ló máa ń fi tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ wo fìlà náà kí n tó bá ìyá mi lọ sí oko. Bí mo bá ti rí i, ó ti tó.

Ìyá mi kò lọ wò ó rí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni fìlà yẹn gbé ró. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ṣú u lópó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí àṣà ti rí nìyẹn, oko sì wà níbẹ̀ tí kò lọ́kùnrin. Ó ti lọ bá Bàbá Onífìlà lẹ́ẹ̀mejì pé kó ká fìlà náà. Mo wà níbẹ̀ ní ìgbà kejì.

"Fìlà lẹ gbé kọ́ ògiri," ó ní, "ẹ kò gbé ènìyàn kọ́ ọ."

"Òótọ́ ni," Bàbá Onífìlà dá a lóhùn. "Ẹni tó ni orí ló gbé e fún mi. Kí òun fúnra rẹ̀ wá gbà á, tàbí kí ẹ mú ẹnu méjì wá."

Kò rí ẹnu méjì mú wá. Níwọ̀n ìgbà tí fìlà náà bá wà lórí ìṣó, aya ènìyàn ni ìyá mi, kì í ṣe opó.

Ní ọdọọdún, kí ọdún Ògìyán tó dé, bàbá náà máa ń fọ gbogbo fìlà ara ògiri. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, kànga àdúgbò gbẹ, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn díẹ̀díẹ̀ lọ sí odò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, bàbá kò sí nílé, ìṣó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ṣófo. Ìṣó mẹ́rin ló ṣófo lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí.

Mo sáré délé. Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Wọ́n ti ká fìlà bàbá mi."

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì figbe ta. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ojúlé wa kún. Oòrùn kò tíì dé àárín orí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi dé, pẹ̀lú ìyá àgbà kan nínú ẹbí tó máa ń tú irun àwọn opó. Wọ́n mú ìyá mi jókòó sórí ẹní. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo bí ìyá àgbà náà ṣe ń tú irun náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé ẹnu mi ló ń tú u.

Wọ́n ti tú ìdajì nígbà tí Bàbá Onífìlà wọlé. Wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó gbé igbá lọ́wọ́, fìlà etù bàbá mi wà lórí igbá náà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Ìwẹ̀ ló lọ," ó ní. "Ẹni tó lọ wẹ̀ kò kú."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì já fìlà náà gbà, ó gbá a mọ́ àyà, igbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ yí lulẹ̀, ó sì là sí méjì. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyá àgbà náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá yìí," ó ní, "bí ẹ bá ń lọ sódò, ẹ kì í dágbére ni? Ẹ wò mí, mo ti tú orí aláàyè dé ìdajì."

"Ọwọ́ tó tú u náà ni kó dì í," bàbá fèsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ń kùn, ó ń di irun náà padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí ẹsẹ̀ láti máa lọ. Ó ní ó dáa, pé òun á ṣì máa wò ó. Kò padà wá mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ń retí ẹgba. Bàbá Onífìlà kò nà mí. Ó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀ nígbà tí fìlà náà gbẹ, ó ní ojú mi ló ká a, kí ọwọ́ mi gbé e kọ́ padà. Mo gun àpótí, mo gbé e kọ́. Ó wá ní, "Kí o tó sunkún nítorí ìṣó kan, kọ́kọ́ wo àwọn ìṣó yòókù."

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Àbíjàn, ó sì yà wọlé. Ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó kí bàbá, kò sọ orúkọ. Bàbá Onífìlà wo orí rẹ̀ títí, ó dìde, ó sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọkùnrin náà dé fìlà náà. Fìlà kò wọlé sí i lórí. Ó jókòó sí àtàrí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò kékeré. N kò rí i kí ojú ti Bàbá Onífìlà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ó jẹ́wọ́ pé igbá fìlà náà ti fọ́, pé òun kò rí irú rẹ̀ mọ́, igbá tó kéré sí i lòun ń lò láti ìgbà náà, fìlà náà sì ti ń súnkì lọ́dọọdún. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i tán. Ó yíjú sí mi, ó bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bàbá sọ orúkọ ìyá mi fún un. Ó ṣí fìlà náà, ó gbé e lé mi lórí. Ó wọlé ṣinṣin. Ó wá na ìka kan, ó fi tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ó wọlé tọ ìyá mi lórí òfìfo. Ìyá mi kò bínú sí i. Ọdún tó tẹ̀lé e ni bàbá mi fi mí sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín tó.

Nígbà tí Bàbá Onífìlà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọn yóò fi ògiri náà ṣe. Mo ní kí wọ́n fún mi. Àwọn fìlà náà wà nínú ilé mi báyìí, àti àpótí náà. Àwọn mìíràn ti gbé ti bàbá wọn wá bá mi láti oko àti láti ìlú. N kò gbà á bí wọn kò bá mọ ìtàn rẹ̀. Olówùú dúdú ṣì wà lórí ìṣó. Kò tíì sí ẹnu méjì.

Nísinsìnyí, ẹni tó bá lọ sí Àbíjàn ń pè kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kọjá ibodè. Wọ́n ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù lálaalẹ́. Ó dára, ìyá mi ì bá fẹ́ irú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé fìlà sílẹ̀ mọ́, ògiri tí mo bá lọ́wọ́ bàbá yẹn kò ní gba fìlà arìnrìn-àjò tuntun mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fi kún un fúnra mi. Gèlè ìyàwó mi wà lórí ìṣó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọdún kẹta tó lọ rèé. Mo ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, mo sì ń gbé e kọ́ padà. Mo mọ òfin. Mo fi ojú ara mi rí sàréè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni mo ní, ẹnu kan kò sì tó. Àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Wọn kò tíì wá sọ ọ́ fún mi, n kò sì tíì bi wọ́n.