Yàrá tí Bàbá Àgádágodo Háyà fún Ìṣirò Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Àgádágodo ní àdúgbò tó ti tajà, kí ó tó ráyè sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹlòmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí bàbá náà gbé àgádágodo tó tóbi bíi bàtà ọmọdé lọ sí ilé-iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà, tó ní kí wọ́n bá òun fi ti yàrá tí ìṣirò òun yóò máa gbé.

Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń pè ní Akọ̀wé, ló ń bá a ṣe ìṣirò ọjà lórí kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ Akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀nà méjì péré ló kù. Bàbá lè wá àjèjì tí yóò máa wo inú ìwé rẹ̀, tàbí kí wọ́n háyà ààyè fún ètò ìṣirò náà lórí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní kíláòdù, kí Akọ̀wé lè máa ti ọ̀nà jíjìn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó lọ. Bàbá ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n òun kì í háyà yàrá tí òun kò tíì wò.

"Bàbá, kì í ṣe yàrá," ni Akọ̀wé wí.

"Ṣé ìṣirò mi máa wọ ibẹ̀?"

"Ó máa wọ ibẹ̀."

"Ṣé mo máa sanwó lóṣooṣù?"

"Ẹ máa san án."

"Bí mi ò bá san ńkọ́, ṣé wọ́n lè lé mi jáde?"

"Wọ́n lè lé yín, Bàbá."

"Yàrá ni."

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà wá oníbàárà ló gbà wọ́n lálejò. Kò sí ohun tí èèyàn bi í tí kì í fi "Kò séwu, sà" dáhùn, nítorí náà Bàbá kò wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́. Kò-séwu ló ń pè é. Ó mú wọn wọ yàrá kan tó tutù nini, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà tò sórí ara wọn bí àpótí nínú ilé ìkẹ́rùsí, tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára wọn. Bàbá gbójú sókè wo àjà bóyá ó ń jò. Ó fi ìka kan ògiri. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ fi ń ti ilẹ̀kùn yìí?"

"Ìka ọwọ́ wa ni, sà."

"Bí ẹni tó ni ìka bá rìnrìn àjò ńkọ́?"

"Kò séwu, sà. Àwa mẹ́rin ni ilẹ̀kùn mọ ìka wa."

"Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin," ni Bàbá wí, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Èmi tí mò ń tà á, méjì ni mo máa ń fi sára ọ̀kan."

Ó kiwọ́ bọ àpò, ó yọ àgádágodo rẹ̀. Akọ̀wé tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Kò-séwu lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì padà wá fi àgádágodo náà kọ́ ilẹ̀kùn irin kan ní igun yàrá. Bàbá dì í mú, ó fà á dáadáa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ilẹ̀kùn àpótí tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni. Ní ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà ra ìgbálẹ̀ tuntun.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ó ti lé ilé-iṣẹ́ méjì dànù. Ti àkọ́kọ́ pọ́ọ́kú débi pé Akọ̀wé ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá obìnrin ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

"Ìyáàfin, bí mo bá fẹ́ kó jáde ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ ò tíì wọlé."

"Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Ó wá hàn pé iye tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó kó ìṣirò èèyàn padà fún un ju owó háyà ọdún kan lọ. Bàbá dá fóònù padà. "Akọ̀wé mi, má wọ yàrá tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láti inú." Ilé-iṣẹ́ kejì fẹ́ fún wọn ní ààyè tó tó ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Bàbá ní ẹni méjì làwọn, ta ni yóò máa gbá ìyókù?

Ó ku ti Kò-séwu, ẹni tí Bàbá pè lórí fóònù lẹ́yìn ìbẹ̀wò náà. Bàbá ní kó sọ àwọn tí àwọn yóò jọ máa gbé lórí kọ̀ǹpútà kan náà.

"Oníbúrẹ́dì kan wà níbẹ̀, sà, dókítà eyín kan, àti ilé-ẹ̀kọ́ ìjàkadì kan."

"Ìjàkadì kẹ̀? Ẹ gbé mi sún mọ́ dókítà eyín."

"Kò séwu, sà. Àmọ́ wọn kì í gbọ́ ariwo ara wọn."

"Dókítà kì í pariwo. Àwọn tó lọ bá a ló ń pariwo."

Ó wá kan owó. Ọ̀nà tí Bàbá ń gbà nájà kò le. Yóò dá iye kan, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò sì máa nù ún. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń tajà fún un á rò pé inú ti bí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já owó náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí fóònù, Kò-séwu kò rí awò ojú kankan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ló gbọ́.

"Bàbá? Ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ó dáa, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún."

Bàbá mí sí awò náà, ó tún ń nù ún.

"Bàbá? Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, sà."

Ìgbà yìí ni Bàbá tó lanu. "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni ìṣirò mi ń ṣe lóru tí n óo fi sanwó rẹ̀?"

"Ó kàn wà níbẹ̀ ni, sà."

"Ó ń sùn nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń sùn ń lo iná ni?"

Akọ̀wé bojú. Ṣùgbọ́n Kò-séwu lọ béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà nígbà tó dé. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́: bí èèyàn bá ń ti ètò náà pa nírọ̀lẹ́, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò san, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ fún ibi tí ẹrù wà. Ó fi ohun tó ju ìdajì lọ dín kù. Kò tíì sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀ rí.

"Bẹ́ẹ̀ sì ni, sà, ó lè máa ti ara rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Rárá."

Akọ̀wé yíjú wò ó. Láti ọjọ́ tó ti mọ bàbá rẹ̀, kò tíì rí i kó kọ ọ̀fẹ́.

"Mi ò fọkàn tán ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀," ni Bàbá wí. "Akọ̀wé ni yóò máa tì í. Bó bá sì ti tì í tán, kó pè mí."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn lẹ́yìn tí Akọ̀wé kó lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́:

"Akọ̀wé mi, ṣé o ti tì í?"

"Mo ti tì í, Bàbá."

"Ṣé o dì í mú wò?"

"Bàbá, kò ṣe é dì mú."

"Ehn. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Láti orí àwọn ọmọ, ó di orí eékún Bàbá, ó di orí oníbàárà tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù sínú àpò ẹ̀wù tó wọ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìṣẹ́jú akàn tì, wọn á sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí Akọ̀wé bá pẹ́ kó tó pè, Bàbá á ti pe Kò-séwu pé kó lọ wo àgádágodo òun.

"Ó wà níbẹ̀ digbí, sà. Kò séwu."

Òótọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwọn ìgbálẹ̀ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá tí Kò-séwu pe Akọ̀wé. Ó kọ́kọ́ kí i kú àfẹ́kù. Ó wá fi ìtìjú sọ pé owó ti gòkè díẹ̀.

"Àmọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi sí i kó máa ti ara rẹ̀, kẹ́ ẹ lè sinmi. Ọdọọdún ni mo ń bẹ Bàbá pé ká fi sí i. Wọ́n á ní, 'Bó bá ń ti ara rẹ̀, kí ni ọmọ mi á máa torí rẹ̀ pè mí nírọ̀lẹ́?'"

Omijé bo ojú Akọ̀wé, kò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ó bọ́ awò ojú tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Àǹtí?" ni Kò-séwu wí. "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Akọ̀wé ń nu awò.

"Ó dáa, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní iye tí Bàbá ń san."

Awò náà kò tíì mọ́.

"Ẹ tún yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, Àǹtí. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Akọ̀wé tòun ti omijé. Inú ilẹ̀ ni Bàbá wà, ó ṣì ń nájà.

"O ṣeun, àbúrò mi," ló wí. "Má fi sí i kó ti ara rẹ̀. Èmi náà ni n óo máa tì í."

Nígbà tó di aago mẹ́fà, ó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan fóònù kó tó rántí. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ níwájú rẹ̀, ó sì dì í mú wò.