Ojú Ewé Ìdúpẹ́

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún púpọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, ìwé ń gùn mí. Ẹni tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kángun sí tèmi ni olùkọ́ tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn nígbà tí mo wà ní girama. Ó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n promóṣọ̀n rẹ̀ ìkẹyìn kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Pépà kan ṣoṣo nínú jọ́nà, ìwé tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí, ló kù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, olóòtú jọ́nà kan fi pépà kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé olóòtú á kọ́kọ́ yọ ojú ewé tí orúkọ òǹkọ̀wé wà, á yọ ojú ewé ìdúpẹ́ tó wà lẹ́yìn, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà mọ ẹni tó kọ ọ́. Òǹkọ̀wé náà ò sì ní mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní nítorí ojúsàájú ni.

Bí àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ̀ ṣe ń tọ́jú iṣu kí ó má baà rà ni pépà náà dá lé. Iṣẹ́ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko ni, ṣùgbọ́n àwọn ìwé tó tọ́ka sí ti gbó. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Mo ní ó jọ pé òǹkọ̀wé yìí ti sùn láti ọjọ́ tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn oorun yẹn, ó dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ mo mọ ilé ìkàwé wa, mo mọ̀ pé ìwé tuntun ò wọ ibẹ̀ mọ́. Fótókọ́pì tí mo kó ti Ìbàdàn bọ̀ ni mo fi ń ṣe fáàrí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi, olùkọ́ mi àtijọ́ yẹn, wọ yàrá mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, bá mi gho ùwé yìí. Mo fẹ́ kí o bá uṣẹ́ mi nínú jọ́nà lójijì ni, ùdí rẹ̀ nìyẹn tí mi éè ṣe sọ fún ọ.”

Mo wo lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ sí olóòtú ni mo rí níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kí n dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, sà,” ni mo wí.

Mo kó gbogbo fótókọ́pì mi fún un. Ó ń kà wọ́n bí ọmọ ilé ìwé, ó ń fi pẹ́ńsù fàlà sídìí ọ̀rọ̀. A fi pépà náà ránṣẹ́ padà, àmọ́ jọ́nà náà ò rí bébà fi tẹ ìwé fún ọdún kan gbáko. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì dé bá a ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó kú.

Nígbà tí mo lọ kí ìyàwó rẹ̀, ó gbé fáìlì kan fún mi. Lẹ́tà mi wà nínú rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ pé ó ti sùn, ọ̀gá mi ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: òótọ́ ni. Ojú ewé ìdúpẹ́ tí olóòtú yọ kí n tó rí pépà náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ òun tó wà ní yàrá iṣẹ́ tó kángun sí tòun, tí wíwá rẹ̀ jẹ́ kí òun tún mú gègé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti bọ́. Mo sunkún níwájú obìnrin náà, ojú sì tì mí pé ó rò pé torí ikú ọkọ rẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń sunkún.

“Bàbá rẹ wí fún mi,” ó ní, “pé bí o bá mọ ọni tí ó yẹ uṣẹ́ òun wò, kí o bá òun kí i. Ó ní ó jí òun lójú oorun.”

Mo ní màá kí i.